Ìfaradà Nínú Òtútù: Ohun Tí Ogun Yàrà Kọ́ Wa

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ẹni tí ó dá ooru tí Ó sì dá òtútù. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn ní dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Bí a bá ní kí á sọ̀rọ̀ òtútù ní Amukoko, ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín. Ooru àti àgbàrá òjò ni àwa mọ̀ níhìn-ín. Ọyẹ́ tí ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni a sì ń pè ní òtútù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ wa ju bí a ti rò lọ. Ní Ìjọra tí kò jìnnà sí wa, àwọn ọ̀dọ́ ń wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹja dídì pamọ́ sí, níbi tí òtútù ti máa ń tó ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo. Àwọn mìíràn ti lọ sí ìlú òyìnbó. Àwọn kan sì ń ronú àtiwọ iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó ń gba ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́lì, tí ó sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ nínú òjò àti atẹ́gùn orí òkè ilẹ̀ Wales. Àwọn mìíràn nínú ọmọ ogun náà ń dé inú yìnyín ilẹ̀ Norway.

Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni Ìsìláàmù ń pè ní ìfaradà? Ṣé kí ènìyàn kan ki orí bọ ìyà láì bìkítà ni, àbí ó ní bí ó ti yẹ kí á ṣe é?

ÒTÚTÙ NÍ MỌ̀DÍNÀ

Ní ọdún karùn-ún Hijrah (627), àwọn Kùràéṣì Mọ́kà àti àwọn ẹ̀yà Lárúbáwá tí wọ́n bá wọn pawọ́ pọ̀ kó nǹkan bí 10,000 ọmọ ogun wá sí Mọ̀dínà. Àwọn Mùsùlùmí kò ju nǹkan bí 3,000 lọ. Salman ọmọ ilẹ̀ Páṣíà ni ó dá ìmọ̀ràn pé kí wọ́n gbẹ́ yàrà. Yàrà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, nítorí àwọn baba wa náà gbẹ́ ẹ yí ìlú wọn ká kí ogun má baà wọlé.

Nínú òwúrọ̀ tútù ni wọ́n ń gbẹ́ yàrà náà, pẹ̀lú ebi nínú. Ànábì (SAW) kò jókòó sínú àgọ́ kí ó máa pàṣẹ. Òun náà ń ru erùpẹ̀ títí eruku fi bo awọ ikùn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀tá yóò fi dé, iṣẹ́ ti parí. Ẹ kíyè sí èyí: kí ìyà tó dé ni wọ́n ti múra sílẹ̀ dè é.

Àwọn ọ̀tá dó ti ìlú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni alẹ́ kan dé tí atẹ́gùn líle àti òtútù burúkú jọ jà. Atẹ́gùn yìí ni Ọlọ́hun rán wa létí nínú Súrà al-Ahzab, áyà 9, pé Òun rán an sí àwọn ọ̀tá pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tí ojú kò rí. Ṣùgbọ́n orí àwọn Mùsùlùmí náà ni òtútù ọ̀hún ń fẹ́ sí. Hudhayfah ọmọ al-Yaman (RA) ni ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, Imam Muslim sì gbà á wá. Ànábì (SAW) béèrè ẹni tí yóò lọ wo ìròyìn àwọn ọ̀tá wá, ó sì ṣe ìlérí pé ẹni náà yóò wà pẹ̀lú òun ní ọjọ́ Àjíǹde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó béèrè. Kò sí ẹni tí ó dìde.

Ta ni àwọn tí kò dìde yìí? Àwọn Sàhábà ni o, àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn ga ju tiwa lọ. Òtútù, ebi àti ẹ̀rù mú wọn mọ́lẹ̀. Ànábì (SAW) kò sì tìtorí rẹ̀ pè wọ́n ní ojo tàbí munafiki. Orúkọ Hudhayfah ni ó dá, ó ní kí ó lọ, kí ó má sì ṣe ohun tí yóò ru àwọn ọ̀tá sókè. Nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn fún un ju kí ó dìde lọ.

Hudhayfah sọ pé bí òun ti ń lọ, ó dà bí ẹni pé inú ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná ni òun ń rìn. Ó dé ibùdó ọ̀tá, ó rí Abu Sufyan, olórí wọn, tí ó ń yá ẹ̀yìn nínú iná. Ó fi ọfà sínú ọrun, ó fẹ́ ta á. Bí ó bá ta á, kò ní tàsé. Ṣùgbọ́n ó rántí àṣẹ tí wọ́n pa fún un, ó sì dá ọwọ́ dúró. Ó padà, ó jíṣẹ́. Bí ó ti jíṣẹ́ tán ni òtútù tún mú un. Ànábì (SAW) wá fi apá kan aṣọ tí ó fi ń kírun bò ó, ó sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí mú níbẹ̀. Èkíní, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí òtútù mú ènìyàn. Sùúrù kì í ṣe pé ara kò mọ ìrora. Èkejì, ìgbọ́ràn ga ju ìgboyà lọ. Ọfà tí Hudhayfah kò ta ni ó fi hàn pé ọmọ ogun tòótọ́ ni. Ẹ̀kẹta, olórí tí ó rán ènìyàn sínú òtútù ni ó fi aṣọ ara rẹ̀ bò ó nígbà tí ó dé.

ÌRỌ̀RÙN TÍ ẸSÌN ṢE FÚN WA

Ní ọdún kẹjọ Hijrah, Ànábì (SAW) fi Amr ọmọ al-As ṣe olórí ogun Dhat as-Salasil. Ní òru tútù kan, ìwẹ̀ jánábà di dandan fún Amr. Ó bẹ̀rù pé bí òun bá wẹ̀, òun lè kú. Ó ṣe tàyámọ́mù, ó sì kírun síwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ẹjọ́ sùn ní Mọ̀dínà, Amr tọ́ka sí Súrà an-Nisa, áyà 29, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti pa ara wa. Ànábì (SAW) rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí.

Ẹ fi èyí wé ti ọkùnrin tí òkúta fọ́ lórí lójú ìrìn-àjò. Òun náà bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá ìrọ̀rùn wà fún un. Wọ́n ní kò sí. Ó wẹ̀, ó sì kú. Ànábì (SAW) bínú gidigidi, ó ní àwọn ni wọ́n pa á, àti pé ìbéèrè ni oògùn àìmọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi ẹsìn fa ìnira tí Ọlọ́hun kò fà kì í ṣe olùfaradà. Ó lè di apànìyàn.

Bákan náà ni ti pípa bàtà awọ lórí nígbà àlùwàlá. Nínú hàdíìsì tí Aliyu (RA) gbà wá, ọjọ́ kan pẹ̀lú òru rẹ̀ ni fún onílé, ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú òru wọn ni fún arìnrìn-àjò, bí ó bá jẹ́ pé orí àlùwàlá ni ó ti wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀ aláṣọ. Kí ẹni tí ó ń rìn-àjò béèrè lọ́wọ́ Áfáà rẹ̀ kí ó tó gbéra.

ÀWỌN ADÚLÁWỌ̀ NÍNÚ YÌNYÍN ILẸ̀ FARANSÉ

Kí á má baà rò pé ìtàn àtijọ́ nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn tí ó súnmọ́ wa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní (1914 sí 1918), ìjọba Faransé kó àwọn ọmọ adúláwọ̀ jọ láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń pè wọ́n ní Tirailleurs Sénégalais. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí. Wọ́n mú ènìyàn ní Dàhòmì náà, tí ó di Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Àwọn Ọ̀họ̀rí, ọmọ Yorùbá, kọ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ará Kétu àti agbègbè rẹ̀ sì sá kọjá ààlà wá sí ilẹ̀ Nàìjíríà.

Àwọn tí wọ́n kó lọ bá òtútù tí ara wọn kò rí rí. Àwọn ọ̀gá wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n máa ń kó wọn lọ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní Fréjus, nígbà òtútù. Síbẹ̀, ní ibùdó Le Courneau lẹ́bàá Bordeaux, ní 1916 àti 1917, àwọn tí ó kú lé ní 900, òtútù àyà ni ó sì pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 1917, wọ́n kó wọn jà ní Chemin des Dames nínú òjò àti yìnyín. Ọwọ́ àwọn mìíràn ti kú tó bẹ́ẹ̀ tí ìbọn kò ṣeé dì mú dáadáa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ṣubú. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Blaise Diagne, aṣòfin ọmọ Senegal, dìde ní ilé ìgbìmọ̀ Faransé, ó sì bá àwọn ọ̀gá ogun wí gidigidi.

Ta ni a ó sọ pé kò ní ìfaradà níbẹ̀? Kì í ṣe àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí. Àwọn tí ó rán wọn ni kò fi aṣọ bò wọ́n. Gbogbo olùdarí ni Ọlọ́hun yóò bi nípa àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN OLÓGUN TI KỌ́

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àdánù, àwọn ológun ayé mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni à ń fi borí òtútù, kì í ṣe agídí. Ẹ jẹ́ kí á mú díẹ̀ nínú rẹ̀:

1. Gbígbẹ ni ààbò. Aṣọ tútù tètè ń fa ooru kúrò lára. Aṣọ ìpele-ìpele dára ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ, kí á lè bọ́ ọ̀kan kí òógùn tó rin wá.

2. Ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Nínú yàrà ogun 1914 sí 1918, ẹsẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà rà nítorí omi tútù, bí omi náà kò tilẹ̀ dì. Ohun tí ó dín in kù ni pé wọ́n ń pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń fi òróró ra ẹsẹ̀, ẹnì kejì sì ń yẹ ẹsẹ̀ ẹnì kíní wò. Àwọn oníṣègùn ológun ti rí i pé irú ìpalára yìí máa ń mú adúláwọ̀ ju àwọn mìíràn lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kú tipiri kí ó sọ̀rọ̀, kí ó má tijú.

3. Ọtí kì í mú ara gbóná. Ó ń tan ẹni tí ó mu ún jẹ, nígbà tí ooru inú ara ń jáde lọ. Ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀, ewu ni fún ara pẹ̀lú.

4. Ẹ máa ṣọ́ ara yín. Ìwọ̀n 37 ni ooru ara wa. Bí ó bá wálẹ̀ ju 35 lọ, ewu ti dé. Ẹni náà yóò gbọ̀n, ahọ́n rẹ̀ yóò wúwo, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì lè máa jiyàn pé kò sí ohun tí ó ṣe òun. Ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ bò ó, ẹ fún un ní tíì gbígbóná onísúgà bí ó bá lè gbé e mì, kí ẹ sì wá oníṣègùn. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ tí ó kú sínú iná. Yóò jó, kò sì ní mọ̀.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Amukoko, ìfaradà Mùsùlùmí ní ẹsẹ̀ mẹ́rin: ìmúra ṣáájú, ìgbọ́ràn nínú rẹ̀, gbígba ìrọ̀rùn tí Ọlọ́hun fún wa, àti títọ́jú ọmọnìkejì. Èyí tí a bá yọ kúrò nínú rẹ̀, agídí ni ó kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá òtútù, ẹ béèrè ìbọ̀wọ́ àti aṣọ lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá, ẹ rántí aṣọ tí Ànábì (SAW) fi bo Hudhayfah. Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ kọ́ àwọn ará wa kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí Hudhayfah kò fi ta ọfà rẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí Amr ṣe àti ohun tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin tí orí rẹ̀ fọ́?
3. Ta ni ó wà lábẹ́ rẹ lónìí tí ó yẹ kí o fi aṣọ bò?

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á wà nínú àwọn onísùúrù, kí Ó sì forí jin àwọn Mùsùlùmí tí ó kú sínú yìnyín ilẹ̀ àjèjì. Aamiin.