Àbúrò Mi, Tìrẹ Ni, Lọ Gbà Á

Àbúrò mi, tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ wọ yunifásítì nílé yín, tó sì jẹ́ pé tipátipá ni wọ́n fi ń rówó ọkọ̀ fún ọ, sún mọ́ mi díẹ̀.

Ká kọ́kọ́ sọ ti owó. Tí ilé-ìwé rẹ bá jẹ́ ti ìjọba, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀, ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láti 2024, kò sì sí èlé lórí rẹ̀. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà. Tó o bá béèrè owó ìgbọ́bùkátà tí wọ́n ń pè ní upkeep, ₦20,000 lóṣooṣù ni, àkáǹtì tìrẹ ló sì ń wọ̀. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tó o bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tó o sì ti ń ṣiṣẹ́, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Gbọ́ ọgbọ́n tèmi: kó o tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù náà, to NIN, BVN àti ìwé JAMB rẹ síwájú, kó o ka orúkọ rẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. "Oluwaseun" níbí, "Seun" lọ́hùn-ún, ìyẹn nìkan tó láti dá ọ dúró.

Àmọ́ má gba owó nìkan, jọ̀ọ́. Ní New York, yunifásítì CUNY bẹ̀rẹ̀ ètò ASAP ní 2007: adámọ̀ràn, owó ìwé àti káàdì ọkọ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárín àwọn ọmọ tálákà tí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn kò lágbára, 40 nínú 100 ló gboyè láàárín ọdún mẹ́ta. Nínú àwọn tí kò sí nínú ètò náà, 22 péré ni.

Nítorí náà, má dúró de carry-over. Lọ bá level adviser rẹ bí sáà bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kí wọn dáadáa, kó o sọ ọ́ ní ṣókí: "Ẹ káàárọ̀ mà. MTH 101 ń dà mí láàmú. Ta ni mo lè bá kàwé?" Lọ́jọ́ tí èsì rẹ bá pòórá, ẹni tó ti mọ̀ ọ́ lójú ni yóò bá ọ wá a.

Wo rìsíìtì owó ilé-ìwé rẹ náà: tó o bá rí owó klíníkì níbẹ̀, o ti sanwó rẹ̀ nìyẹn, má jókòó ti ibà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Tí o kò bá sì rí oorun sùn mọ́, counselling unit wà fún ìwọ náà.

Ohun tí èmi kì í fi ṣeré ni pátákó Student Affairs, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń lẹ ìkéde bọ́sárì mọ́. Yà síbẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó o fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Mú ọ̀rẹ́ rẹ kan dání, pàápàá èyí tí kì í lè sọ síta pé ebi ń pa òun.