Háàdì Dísìkì Ò Tíì Kú: Bí A Ṣe Ń Wá Dráífà fún Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ẹ̀kọ́ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́sẹ̀ yìí dá lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé sí kọ̀rọ̀ láàbù, tí wọ́n á ní ó ti kọṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé kò ju ọ̀kan lọ: kí a tó sọ pé háàdì dísìkì kú, ẹ jẹ́ ká wádìí bóyá dráífà ni Windows ń wá tí kò rí. Bí a bá sì ń wá dráífà ọ̀hún, nọ́ńbà ni ká fi wá a, kì í ṣe orúkọ tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Láti ọdún 2015 ni gbogbo ẹni tó ń ṣe ìdánwò JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan máòsì rí kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, àkókò tó yẹ kó fi ronú ló máa fi wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan tó bá jí padà nínú láàbù, àyè ìjókòó kan ló fi kún un fún ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Ìdí kejì ni pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń lò. Wọ́n ti lò ó ní ọ́fíìsì kan ní Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù, wọ́n wá kó o sínú kọ̀ǹténà, ó gba èbúté Èkó wọlé, ó dé Computer Village ní Ìkẹjà, kó tó wá rìn dé Ìlọrin àti Ọ̀fà. Ní ọdún 2005, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Basel Action Network gbé ìwádìí jáde lórí ọjà yìí. Wọ́n ní bí 500 kọ̀ǹténà ẹrù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé àwọn tó mọ ọjà náà sọ fún wọn pé ó lè tó 75 nínú 100 ẹrù ọ̀hún tí kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà. Ààtàn ni irú wọn ń bọ́ sí. Wọ́n á dáná sun ún, èéfín rẹ̀ á sì máa ṣe àwọn tó wà nítòsí ní jàǹbá.

Mi ò sọ pé dráífà ló ṣe gbogbo wọn o. Èyí tó bàjẹ́ bàjẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi èyí tó ṣì yè kún òkú. Bákan náà, ẹni tó sáré lọ ra háàdì dísìkì tuntun nígbà tó jẹ́ pé dráífà ni ò sí, owó ẹ̀ ti wọgbó, torí àṣìṣe kan náà ni ẹ̀rọ á tún gbé jáde.

KÍ NI KỌ̀NTÍRÓLÀ? KÍ NI DRÁÍFÀ?

Ẹ má fi dráífà yìí wé dírẹ́bà tó ń wa mọ́tò láti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Ògbufọ̀ ló jọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ààfin Ọlọ́fà ṣe àpẹẹrẹ. Àlejò kì í já wọ iyàrá ọba ní tààrà. Ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, tó ń gba èsì jáde. Báyìí náà ni kọ̀ǹpútà rí. Háàdì dísìkì ni iyàrá tí ẹrù wà. Kọ̀ntírólà, tí í ṣe ẹ̀rọ kékeré kan lórí bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà, ni ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Windows ni àlejò. Bí àlejò ò bá gbọ́ èdè ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ìta ni yóò dúró sí, yóò sì máa sọ pé kò sí iyàrá kankan nílé yẹn. Ògbufọ̀ tó máa mú kí wọ́n gbọ́ ara wọn yé ni dráífà.

Wàhálà kan tún wà níbẹ̀. Inú háàdì dísìkì ni Windows ń tọ́jú àwọn dráífà rẹ̀ sí. Ṣé ẹ rí i pé kọ́kọ́rọ́ ti wà nínú ilé tí a tì? Ìdí nìyí tí dráífà kọ̀ntírólà fi yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ti ohùn. Ìyẹn lè dúró di ìgbà tí Windows bá ti ṣí tán. Èyí gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ó tó ṣí.

ÌDÍ TÍ ÀWỌN KỌ̀ǸPÚTÀ ÀTIJỌ́ FI Ń ṢE BẸ́Ẹ̀

Windows XP jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001. Nígbà yẹn, okùn fífẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní IDE ni wọ́n fi ń so háàdì dísìkì mọ́ bọ́ọ̀dù. Ọdún 2003 ni SATA dé, èyí tí okùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ní 2004, ìlànà tuntun tó ń jẹ́ AHCI tẹ̀lé e, tó jẹ́ kí kọ̀ntírólà SATA lo gbogbo agbára rẹ̀. Síídì XP ò mọ AHCI, torí XP ti jáde kí AHCI tó dé. Windows Vista, tó dé ọjà ní 2007, ló kọ́kọ́ gbé dráífà AHCI wá fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà mọ̀ pé èyí á dá wàhálà sílẹ̀, ni wọ́n bá fi àyè sínú BIOS tí a ti lè yan bí kọ̀ntírólà á ṣe máa sọ̀rọ̀: IDE, AHCI tàbí RAID. Bí Windows bá ti wọlé nígbà tí ó wà lórí ọ̀kan, tí ẹnìkan wá yí i sí òmíràn, ògbufọ̀ tó wà nílẹ̀ ò ní wúlò mọ́.

Ó tiẹ̀ lè yí padà láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bátìrì róbótó kan wà lórí bọ́ọ̀dù, CR2032 ni nọ́ńbà rẹ̀. Òun ló ń bá BIOS rántí gbogbo ohun tí a yàn nígbà tí kò bá sí iná. Kọ̀ǹpútà tí a yọ wáyà rẹ̀ jálẹ̀ ìsinmi gígùn, tàbí tí iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bátìrì yìí nìkan ló gbára lé. Bí ó bá kú, BIOS á padà sí bó ṣe wà láti ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Dell ti ọ́fíìsì, RAID ni wọ́n yàn fún un láti ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá ti gbé Windows sórí ẹ̀ nígbà tó wà lórí AHCI tàbí IDE á kàn rí i pé lọ́jọ́ kan kò ṣí mọ́. Bí déètì àti aago bá ti padà sí ọdún àtijọ́, ẹ fura sí bátìrì.

ÀMÌ TÍ Ẹ Ó FI MỌ̀

1. À ń gbé Windows sórí ẹ̀rọ, ó ní òun ò rí háàdì dísìkì kankan, bẹ́ẹ̀ orúkọ dísìkì náà wà nínú BIOS gbangba.

2. Àmì Windows yọ, lójijì ojú ẹ̀rọ di búlúù, ó kọ 0x0000007B. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Windows ò lè dé ibi tó fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan mìíràn lè fà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ntírólà ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

3. Bí BIOS pàápàá ò bá rí dísìkì, tàbí dísìkì ń dún kọ̀kọ̀kọ̀, ẹ má wá dráífà. Okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà dísìkì fúnra rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wọ inú BIOS. Lórí Dell, F2 ni à ń tẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Ọ̀pọ̀ HP, F10 ni. Lórí ThinkPad, F1 ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ SATA tí wọ́n sì ní kí a yan IDE, AHCI tàbí RAID. Ẹ kọ́kọ́ kọ èyí tó wà níbẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó yí ohunkóhun. Bí Windows ti wà lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, ẹ dán ọ̀kan wò, ẹ tún un tàn. Bí kò bá ṣí, ẹ dán òmíràn wò. Bí ó bá ṣí, ẹ pààrọ̀ bátìrì kí ó má bàa tún gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá nọ́ńbà kọ̀ntírólà. Bí Windows bá ń ṣí, ẹ lọ sínú Device Manager, ẹ tẹ kọ̀ntírólà náà, Properties, Details, lẹ́yìn náà Hardware Ids. Ẹ ó rí nǹkan bíi PCI\VEN_8086&DEV_2929. Èyí tó tẹ̀lé VEN ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: 8086 ni Intel, 1022 ni AMD, 1106 ni VIA, 10DE ni NVIDIA. Èyí tó tẹ̀lé DEV ń sọ ẹ̀rọ náà gan-an. Bí Windows ò bá ṣí rárá, ẹ fi Linux tó wà lórí fláàṣì tan ẹ̀rọ, ẹ kọ lspci -nn, nọ́ńbà kan náà á jáde.

Ìdí tí nọ́ńbà fi dára ju orúkọ lọ nìyí. ThinkPad T400 ti Lenovo àti EliteBook 6930p ti HP jáde ní 2008. Ojú wọn ò jọra, ilé-iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ntírólà Intel kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Bí ó bá wà lórí AHCI, 2929 ni nọ́ńbà DEV rẹ̀. Bí a bá yí i sí IDE, nọ́ńbà á di 2928. Ẹ̀rọ kan, ohùn méjì, ògbufọ̀ méjì. Ẹni tó kàn ń wá "dráífà HP" lè wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá dráífà náà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà tàbí èyí tó ṣe kọ̀ntírólà. Ti Intel, Matrix Storage Manager ni wọ́n ń pè é láyé ọjọ́un. Ó wá di Rapid Storage Technology. Ẹ jìnnà sí àwọn ètò tó ń ṣèlérí pé àwọn á bá yín wá gbogbo dráífà lẹ́ẹ̀kan náà. Fáírọ́ọ̀sì wà nínú òmíràn níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó. Ẹ tú fáìlì náà kúrò nínú zip, ẹ fi Notepad ṣí èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .inf, kí ẹ sì wá nọ́ńbà yín nínú rẹ̀. Bí VEN àti DEV yín bá wà níbẹ̀, tiyín ni. Bí kò bá sí, ẹ má fi tipátipá gbé e wọlé. Ẹ tún wò ó bóyá ti 32 bit ni tàbí 64 bit. Fódà tí wọ́n bá kọ amd64 sí lára kì í ṣe ti AMD nìkan o. Gbogbo Windows 64 bit orí kọ̀ǹpútà Intel náà ló ń lò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé e fún Windows. Láti Vista síwájú, ẹ kó fáìlì tí ẹ ti tú sórí fláàṣì, kí ẹ tẹ Load driver níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ yan dísìkì. Ti XP le díẹ̀: F6 ni à ń tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, flọ́pì dísìkì ló sì ń béèrè. Láptọ́ọ̀pù wo ló tún ní flọ́pì mọ́? Ó rọrùn láti yí BIOS sí IDE kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ MÁ KÁNJÚ FỌ́MÁÀTÌ

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Dísìkì tí Windows ò rí ṣì lè ní èsì ìdánwò, fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan nínú. Bí Linux orí fláàṣì bá rí dísìkì náà tó sì ṣí fódà inú rẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣì ń mí. Ẹ kọ́kọ́ da ohun tó wà níbẹ̀ kọ sí ibòmíràn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ tún rántí pé Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún XP láti 8 oṣù Kẹrin 2014, àti fún Windows 7 láti 14 oṣù Kìíní 2020. Ẹ̀rọ tí a bá fi irú wọn jí padà dára fún títẹ̀wé àti ìdánrawò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀, Linux tuntun tó fúyẹ́ ló sàn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ti àgbà nìkan ni. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel tó jáde láti 2020 ní ohun kan tó ń jẹ́ VMD, tí Windows náà kì í rí dísìkì wọn títí a ó fi gbé dráífà fún un. Ẹni tó bá mọ ti àtijọ́ á mọ tuntun náà ṣe.

ÌBÉÈRÈ FÚN YÍN

1. Kí ló dé tí dráífà kọ̀ntírólà ò lè dúró di ìgbà tí Windows bá ti ṣí tán?

2. Kọ̀ǹpútà kan kọ 0x0000007B lẹ́yìn ìsinmi gígùn, aago rẹ̀ sì ti padà sẹ́yìn. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

3. Ẹ rí VEN_1106 lára kọ̀ntírólà kan. Ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe é?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú bébà, kí ẹ fi í sínú àpótí Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn.