Kí oníṣòwò tó tan plugin tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lo WordPress, tó jáde lọ́dún 2003. Láti ọdún 2004 ló ti ń gba plugin, ìyẹn àfikún tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. WooCommerce tó ń sọ ìkànnì di ṣọ́ọ̀bù, plugin ni. Èyí tí wọ́n fi ń gbowó nípasẹ̀ Paystack, plugin lòun náà.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? WordPress dà bí ilé tí wọ́n ti kan ìkọ́ mọ́ ògiri rẹ̀ káàkiri, tí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ. Ọ̀kan wà fún ìgbà tí ojú ìwé bá fẹ́ẹ́ ṣí, òmíràn wà fún ìgbà tí oníbàárà bá sanwó tán. Bí oníbàárà bá dé ibi ìsanwó, WordPress á wo orúkọ àwọn plugin tí wọ́n ti tàn, á kó wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á sì gbé iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ sórí ìkọ́ tó bá a mu. Ìdí nìyẹn tí plugin kan fi lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà ní kété tí owó bá wọlé.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ewu wà. Inú ilé kan náà ni plugin àti ọjà jọ wà. Ó lè rí orúkọ àti àdírẹ́sì oníbàárà, bí ọ̀kan bá sì dàrú, gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè tì. Láti WordPress 5.2, tó jáde lọ́dún 2019, alábòójútó lè rí í-meèlì gbà, pẹ̀lú línkì tí yóò gbà wọlé láti pa plugin tó bàjẹ́. Àmọ́ oníbàárà tó bá dé lásìkò náà lè ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Nítorí náà, kí oníṣòwò kọ́kọ́ dán plugin tuntun wò lórí ẹ̀dà ìkànnì rẹ̀. Kó ra ọjà kan níbẹ̀ bí oníbàárà, títí dé orí ìsanwó. Kó tọ́jú ẹ̀dà gbogbo fáìlì àti àkọsílẹ̀ ọjà kó tó gba ẹ̀yà tuntun. Èyí tí kò bá lò mọ́, kó yọ ọ́ dànù. Pípa nìkan kò tó, torí fáìlì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Bí ìkànnì bá kọ̀ tí kò ṣí mọ́, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ wọ inú fódà wp-content/plugins, kó yí orúkọ fódà plugin tí wọ́n fura sí padà. WordPress kò ní rí i kó wọlé mọ́. Bó bá jẹ́ òun ló fa wàhálà náà, ṣọ́ọ̀bù á ṣí padà.