Bí Ìjọba Bá Fàyè Gba Igbó, Ṣé Ọlọ́hun Ti Fàyè Gbà Á Ni?

Kùtúbà ọjọ́ Jímọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí agbègbè odò Ìlàjẹ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Olúwa gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí ó fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè, tí ó sì fi í gbé e ga ju ẹranko lọ. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí á páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, lórí omi àti lórí ilẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó GBÉ WA DÌDE

Ní èdè wa, orúkọ kan náà ni aginjù tí ẹranko ń gbé àti ewé tí àwọn ọ̀dọ́ ń fà ń jẹ́: igbó ni a ń pe méjèèjì. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn méjèèjì ti wọ inú ara wọn, nítorí inú àwọn igbó ọba wa ni àwọn kan ń gé igi lulẹ̀ sí láti gbin ewé náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Gómìnà Rótìmí Akérédolú àti ọ̀gá àgbà àjọ NDLEA ìgbà náà lọ sí orílẹ̀-èdè Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún oògùn. Gómìnà náà kò fi pamọ́ pé ìpínlẹ̀ wa wà lára ibi tí igbó ti ń hù jù lọ ní Nàìjíríà, àti pé owó ńlá wà nínú rẹ̀ bí òfin bá lè gbà á. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn aṣòfin tún ṣe ìpàdé ní Àkúrẹ́ lórí àǹfààní ewé yìí. Ọ̀gágun fẹ̀yìntì Buba Marwa, tí ó ti di ọ̀gá NDLEA nígbà náà, ta ko èrò ìfàyègbà náà gidigidi.

Gómìnà Akérédolú ti kúrò láyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọmọ Ìlàjẹ ni ó sì rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kú. Àwọn ọmọ wa ń bèèrè rẹ̀ ní èbúté Igbókòdá àti nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Ayétòrò àti Awóyè. Wọ́n ní, “Bí Kánádà bá ti fàyè gbà á láti ọdún 2018, kí ló dé tí àwọn ààfáà fi ń pè é ní haráámù?” Ìbéèrè tí ó nílò ìdáhùn ni, bí a bá sì kàn bú ẹni tí ó bèèrè, a kò tíì dá a lóhùn.

OHUN TÍ ÀWỌN TÍ Ó FẸ́ ÌFÀYÈGBÀ Ń SỌ

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn.

Èkíní, wọ́n ní oògùn ni. Òótọ́ wà nínú èyí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Epidiolex, oògùn tí wọ́n fà yọ láti ara ewé yìí, fún irú wárápá líle kan tí ó máa ń mú ọmọdé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò láti yọ igbó kúrò nínú ìsọ̀rí oògùn olóró tí wọ́n kà sí èyí tí ó burú jù, tí àǹfààní rẹ̀ fún ìwòsàn kò sì tó nǹkan. Orílẹ̀-èdè 27 gbà, 25 kọ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó kọ̀. Síbẹ̀, igbó ṣì wà lábẹ́ ìṣọ́ òfin àgbáyé. Mòrókò pàápàá, ilẹ̀ Mùsùlùmí tí ó ń tẹ̀lé mẹ́sàbà Málíkì bíi tiwa, ṣe òfin ní ọdún 2021 pé wọ́n lè gbìn ín fún oògùn àti iṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Wọn kò fàyè gba fífà rẹ̀.

Èkejì, wọ́n ní owó ni. A mọ ohun tí àìrówó jẹ́ ní etí òkun yìí. Òkun ti gbé ilé àti ilé ẹ̀kọ́ lọ ní Ayétòrò. Ẹni tí ó na àwọ̀n rẹ̀ ní òru, tí ó tún fa òfìfo bọ̀ ní òwúrọ̀, mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹnìkan bá wá fi owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ̀ ọ́ fún iṣẹ́ òru kan.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ìjìyà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní ọdún 1966, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá gbin igbó. Ní ọdún 1975 ni wọ́n tó yọ ìjìyà ikú kúrò nínú òfin náà. Ẹ̀wọ̀n tí ó gùn ṣì wà nínú òfin ọdún 1989 tí ó dá NDLEA sílẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí ó wọ ẹ̀wọ̀n nítorí wíìdì kan lè kọ́ iṣẹ́ olè níbẹ̀ kí ó tó jáde.

OHUN TÍ ÀWỌN TÍ Ó KỌ̀ Ọ́ Ń SỌ

Àwọn tí ó kọ̀ ọ́ ní kí á ka iye àwọn tí ó ti fara gbọgbẹ́. Ìwádìí tí àjọ UNODC àti ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, ni ó lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàrin ọdún kan. Nínú wọn, mílíọ̀nù 10.6 ni ó lo igbó. Nínú gbogbo agbègbè orílẹ̀-èdè yìí, ilẹ̀ Yorùbá ni ìpín àwọn tí ń lo oògùn olóró ti ga jù. Nínú ẹni márùn-ún tí ó ń lò ó, ẹnìkan ni ó ti dé ibi tí ó nílò ìtọ́jú.

Kì í ṣe òní ni àwọn dókítà wa ti ń kígbe. Ní ọdún 1964, Dókítà Tọ́lání Àsúnì ti ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ti kọ̀wé nípa ìṣòro tí igbó ń dá sílẹ̀ fún ọpọlọ àti fún àwùjọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá fà á ni orí rẹ̀ ń dàrú, a kò sì gbọdọ̀ parọ́ fún ọmọ láti fi dẹ́rù bà á, nítorí ọjọ́ tí ó bá mọ̀ pé a parọ́ ni yóò kọ òótọ́ wa náà. Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn sọ ni pé ẹni tí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ní ọmọdé, tí ó ń lò ó lójoojúmọ́, tí èyí tí ó ń lò sì le, ni àrùn ọpọlọ súnmọ́ jù. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa kò dúró lórí ewé nìkan. Wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú ògógóró, wọ́n sì ń lọ ayédèrú rẹ̀ tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe.

Thailand tí a lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn náà di ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n yọ igbó kúrò nínú oògùn olóró, ìsọ̀ igbó sì kún ìgboro. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ, ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba wọn pàṣẹ pé òdòdó rẹ̀ kò ṣeé tà mọ́ fún ẹni tí kò bá ní ìwé dókítà. Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn náà ni ó ń wá bí yóò ṣe tì í.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ ÌSÌLÁÀMÙ SỌ

Ewé yìí kì í ṣe tuntun sí àwọn onímọ̀ wa. Láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún keje Hìjíírà ni ó tàn ká ilẹ̀ Lárúbáwá, tí wọ́n ń pè é ní hàṣíìṣì. Àwọn onímọ̀ sì dìde sí i. Ìmáàmù Al-Qarāfī, àgbà onímọ̀ Málíkì ní Íjíbítì, tí ó kú ní ọdún 684 Hìjíírà (1285), sọ pé kì í ṣe ìmutípara gẹ́gẹ́ bí ọtí ni, ohun tí ó ń ba làákàyè jẹ́ ni. Nítorí náà haráámù ni, ṣùgbọ́n ìjìyà rẹ̀ kì í ṣe ti ọtí. Ìbáwí tí adájọ́ bá rí i pé ó yẹ ni. Ibn Taymiyyah, tí ó kú ní ọdún 728 Hìjíírà (1328), ní rárá, bí ọtí ni, ìjìyà ọtí sì ni ó tọ́ sí i. Az-Zarkashī ti mẹ́sàbà Ṣáfíì ya odindi ìwé sọ́tọ̀ lórí pé haráámù ni.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí, ẹ̀yin ará. Wọ́n yapa lórí irú ohun tí ó jẹ́ àti lórí ìjìyà rẹ̀. Wọn kò yapa lórí pé kò tọ́ fún Mùsùlùmí láti fi pa làákàyè rẹ̀. Ẹ̀rí wọn ni hádíìsì tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Umar, tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi kọ́ wa pé ohunkóhun tí ó bá ń pa ènìyàn bí ọtí, ọtí ni, haráámù sì ni. Nínú èyí tí Abū Dāwūd gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ummu Salamah, ó kọ ohun tí ń pa ni bí ọtí àti ohun tí ń sọ ara di òkú.

Ní ti owó, Àlùkùránì ti dáhùn kí á tó bèèrè. Nínú Súúrà Al-Baqarah, áyà 219, Ọlọ́hun kò sẹ́ pé àǹfààní wà nínú ọtí àti tẹ́tẹ́. Ó sọ pé àǹfààní wà níbẹ̀ fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nínú wọn tóbi ju àǹfààní wọn lọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fi hàn wá pé owó wà nínú igbó, kò tíì borí wa. Ìwọ̀n ni kí á gbé kalẹ̀: ohun tí a rí gbà àti ohun tí a sọnù.

Ní ti oògùn, àwọn onímọ̀ ìṣáájú gbà pé a lè lo ohun tí ń pa làákàyè lára fún ẹni tí wọ́n fẹ́ gé ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ó ti rà. Ẹni tí dókítà olóòótọ́ bá kọ oògùn fún, ní ìwọ̀n, nítorí àìsàn tí kò ní oògùn mìíràn, kò sí lára àwọn tí a ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó ń fà á, tí ó ní “oògùn ni”, kí ó sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ fún wa.

IBI TÍ A DÚRÓ

Ọ̀nà méjì ni a gbọdọ̀ yà sọ́tọ̀. Ohun tí ìjọba fàyè gbà kì í di haláálì nítorí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ògógóró: kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú ẹni tí ó ń mu ún lónìí, síbẹ̀ kò sí Mùsùlùmí tí ó ní kí á gbé e wọ mọ́sálásí. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí òfin igbó ní Àbújá lọ́la, ìdájọ́ rẹ̀ lórí àwa kò yí padà.

Bákan náà, pípè é ní haráámù kò sọ pé gbogbo ẹ̀wọ̀n tí ìjọba bá fi jẹ ọmọ ènìyàn ni sàríà pa láṣẹ. Ìyapa tí ó wà láàrin Al-Qarāfī àti Ibn Taymiyyah fi hàn wá pé Mùsùlùmí lè gbèjà kí wọ́n tọ́jú ọmọ tí ó ti di ẹrú igbó dípò kí wọ́n tì í mọ́lé, kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má sì dín kù. Ẹni tí ó ń tà á fún ọmọdé, tí ó ń fi kọ́ ilé, ìyẹn kì í ṣe aláìsàn.

KÙTÚBÀ KEJÌ

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi, tiyín ni a fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Hádíìsì tí Tirmidhī gbà wá ka ènìyàn mẹ́wàá tí ègún wà lórí wọn nítorí ọtí, ẹni tí ó ń gbé e sì wà lára wọn, àti ẹni tí wọ́n ń gbé e lọ fún. Ẹ má ṣe sọ pé “ẹrù ni mo gbé, n kò tú u wò.” Bí owó ọkọ̀ bá pọ̀ ju bí ẹrù ṣe wúwo lọ, ẹ ti mọ ohun tí ó wà nínú àpò náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ọmọ yín pamọ́ nítorí ìtìjú. Bí ó bá ń dá sọ̀rọ̀, tí kò sùn, tí ó ń bẹ̀rù ẹni tí kò sí níbẹ̀, kì í ṣe ayé ni ó ń ṣe é. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe nà án. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn ọpọlọ. Ààfáà lè gba àdúà fún un níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ó ti wọ̀ ọ́, Súúrà Az-Zumar, áyà 53, kọ fún ẹni tí ó ti ṣẹ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ láti sọ ìrètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Ẹ má ṣe torí igbó sá fún mọ́sálásí. Ẹ tọ lèmọ́mù tàbí àgbà tí ẹ bá fọkàn tán wá. A kò ní fi ọ̀rọ̀ yín ṣe ìtàn ní èbúté.

Ẹ̀yin ìjọ, ìwàásù nìkan kò tó. Ẹni tí ó ní ẹ̀ńjìnnì méjì, kí ó mú ọmọ kan tí kò níṣẹ́ wọ iṣẹ́. Ẹni tí ó ń ta ẹja gbígbẹ, kí ó kọ́ ọmọ kan ní òwò. Bí a kò bá fún wọn ní haláálì tí wọn yóò jẹ, a kò ní ẹnu tí a ó fi kọ haráámù fún wọn. Ọlọ́hun sì ti ṣe àdéhùn nínú Súúrà At-Talāq, áyà 2 àti 3, pé ẹni tí ó bá páyà Òun, Òun yóò ṣe ọ̀nà àbáyọ fún un, Òun yóò sì pèsè fún un láti ibi tí kò fọkàn sí.

Ọlọ́hun Ọba, ṣọ́ làákàyè àwọn ọmọ wa. Wo àwọn tí ó ń ṣàìsàn sàn. Fi haláálì rẹ rọ̀ wá lọ́rùn kúrò nínú haráámù. Dáàbò bo etí òkun wa lọ́wọ́ omi tí ń jẹ ilẹ̀ àti lọ́wọ́ èéfín tí ń jẹ ọpọlọ. Fún àwọn olórí wa ní ọgbọ́n tí wọn yóò fi ṣe òfin tí kò ní ni aláìlera lára. Dárí jì wá, jí àwọn òbí wa, jí gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin. Āmīn.

Ẹ dìde, kí á kírun.