Bá a Kú Là á Dère: Ta Ni Yóò Máa Tún Ère Náà Ṣe?

Gbogbo wa la mọ òwe náà: bá a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ọmọ Yorùbá wo ni mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún? Ìpàdé àdúgbò kan ló mú mi gbé e wá. Ìyá kan ló papò dà, ìyá tí ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa kọ́ orin àti ijó ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà ló sì máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé kó àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ jọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn àgbà ní ìrántí rẹ̀ kò gbọdọ̀ parẹ́. Wọ́n dáwó. Wọ́n ní ère rẹ̀ làwọn máa gbé nàró sí oríta, kí olówó kan wá ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ẹnì kan wá béèrè pé àtíbàbà tí ìyá náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ńkọ́, páànù rẹ̀ ti ká, awọ àwọn ìlù ibẹ̀ sì ti bẹ́. Wọ́n ní kó jókòó, ọ̀rọ̀ ère làwọn ń sọ. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹ àdídùn tí wọ́n pín.

Ibi tí ọkàn mi lọ ni Ọ̀ṣogbo, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ère lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e nàró, igbó Ọ̀ṣun ni kó lọ. Susanne Wenger, tí Ọ̀ṣogbo ń pè ní Àdùnní Olóòrìṣà, ni aṣáájú àwọn tó mọ ère ibẹ̀. Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1915. Òun àti ọkọ rẹ̀ nígbà náà, Ulli Beier, tó ríṣẹ́ olùkọ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ni wọ́n jọ dé sílẹ̀ wa ní 1950. Ikọ́ ife dá a gúnlẹ̀ tagbáratagbára. Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá nílùú Ẹdẹ, ló wá fà á wọ inú ìsìn òrìṣà. Láti Ẹdẹ ó kọjá sí Ìlobùú, láti Ìlobùú ó wọ Ọ̀ṣogbo, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 2009, lẹ́ni ọdún 93. Ọkọ òyìnbó ti lọ tipẹ́. Òun jókòó, ó fẹ́ onílù, ó sì tọ́ ọmọ tí kò bí. Ṣàngódáre Àjàlá, tí ayé mọ̀ fún iṣẹ́ àdìrẹ, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dàgbà sábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn alábòójútó ère oríta gbọ́ dáadáa nìyí: àtúnṣe ni Àdùnní fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀ṣogbo. Ikán ti jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun, àwọn olórìṣà sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn dá sí i. Kò kọ́kọ́ ya àwòrán ara rẹ̀ tàbí ti ẹnikẹ́ni. Ó wá birikìlà àti káfíńtà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì di ibi tó ti fọ́. Lẹ́nu àtúnṣe yẹn ni ère ti ń yọ, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí tí igbó fi kún fún wọn. Ọ̀kan lára wọn ni ti Ìyá Mọ̀ọ̀pó, òrìṣà àwọn obìnrin amọ̀kòkò àti aláró. Nígbà tí a bá ń sọ pé obìnrin kan fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, tó sì ń sin ìlú, kí nìdí tó fi jẹ́ pé ère nìkan la máa ń rántí, tí a kì í rántí sìmẹ́ńtì?

Ẹni tó bá sọ pé ère wọ̀nyẹn kò jọ ti ayé àtijọ́ kò parọ́. Kò sí agbẹ́gilére kan ní 1850 tí yóò na apá ère bíi ti inú igbó yẹn. Ojú òyìnbó wà lára iṣẹ́ náà, ọwọ́ ọmọ Yorùbá sì wà níbẹ̀: Adébísí Àkànjí tó jẹ́ birikìlà, Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́gi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta, Ṣàká Arẹ̀mú, Ràbíù Abẹ́sù. Ẹ ka àwọn orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn yóò bà jẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ kan iṣẹ́ ọnà ìlú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Ibí yìí ni òwe wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í mẹ́hẹ. Ó ní èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Àdùnní sunwọ̀n láàyè. Àwọn olórìṣà gbà á, Àtáọ́ja, ọba Ọ̀ṣogbo, gbà á. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ń fẹ́ gé igbó náà tà, tí ọdẹ àti apẹja ń wọ ibi tí kò yẹ kí wọ́n wọ̀, òun àti àwọn olórìṣà ló dúró tì í. Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1992 títí ó fi di hẹ́kítà 75. Nígbà tó fi máa di 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ìkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Ojú rẹ̀ kòrókòró ni gbogbo èyí ṣe. A kò dúró de ikú rẹ̀ ká tó yìn ín.

Ẹ̀yìn ikú gan-an ni wàhálà wà. Amọ̀, sìmẹ́ńtì àti irin ni púpọ̀ nínú àwọn ère wọ̀nyẹn. Òjò Ọ̀ṣogbo kì í ṣeré. Gbòǹgbò igi á yọ láti abẹ́, á gbé ère sókè. Omi á gba ojú ẹ̀là wọlé, irin inú á dípẹtà, á wú, sìmẹ́ńtì á sì fọ́. Ewédò á bo ojú. Bí kò bá sí ẹni tó ń tún un ṣe lọ́dọọdún, ère á padà di erùpẹ̀. Àwọn Adunni Olorisha Trust àti àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá ìyá náà ṣiṣẹ́, ti tún ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ síbẹ̀ lóṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, kí ẹ wo bí ọmọ Yorùbá tó mọ òwe ṣe ń gun orí ère láti ya fọ́tò, tí ọ̀rá omi mímu sì wà nílẹ̀ káàkiri. Odò Ọ̀ṣun alára ti yí àwọ̀ padà, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń wá gba ìbùkún má ṣe mu ún. Kí ni a wá ń rántí?

Síbẹ̀, òwe náà tọ̀nà lójú kan, mi ò ní tan ara mi jẹ. Àwọn tí kò sunwọ̀n láàyè ni birikìlà àti káfíńtà. Orúkọ Àdùnní wà nínú ìwé láti Vienna dé Èkó. Mélòó nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ló ti gbọ́ orúkọ Ràbíù Abẹ́sù rí kí n tó dárúkọ rẹ̀? Àwọn yẹn ni wọ́n mọ bí wọ́n ṣe po amọ̀ yẹn àti ibi tí irin wà nínú ère kọ̀ọ̀kan. Àgbà ti dé sí èyí tó bá ṣì wà láàyè nínú wọn. Bí wọn kò bá ní ọmọ iṣẹ́ tó ń gbowó oṣù, ọgbọ́n ọwọ́ wọn á bá wọn lọ, ère tí kò sì ní ẹni tó mọ inú rẹ̀ kò ní ju okòó ọdún lọ lójú tèmi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń dáwó ìrántí fún ìyá oníjó, ìyá aláró, ìyá tó ń kọ́ ọmọ ní eré orí ìtàgé, mo bẹ yín, ẹ fi ère sílẹ̀ ná. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ẹni tó ń ṣe é báyìí. Bí kò bá sí, ẹ wá ẹnì kan, kí ẹ máa sanwó fún un. Ẹ kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀, ẹ ká ohùn wọn sórí fóònù, kí ẹ kọ orúkọ olúkúlùkù síbi iṣẹ́ tó ṣe. Ẹ kan páànù. Ẹ fi awọ bo ìlù. Owó aṣọ ẹbí nìkan tó fún gbogbo èyí, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ní ti Àdùnní, ọjọ́ 12 oṣù kìíní ni àyájọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó lọ bá àwọn tó ń tún ère ṣe nínú igbó, kó béèrè iye àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n nílò. Ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń wà lóde nígbà náà, òjò kò ní dí wọn lọ́wọ́.