Madagásíkà, Erékùṣù Ilẹ̀ Pupa

Láti etíkun Mòsáńbíìkì, ọkọ̀ ojú omi yóò la nǹkan bí 400 kìlómítà òkun kọjá kó tó kan Madagásíkà. Ilẹ̀ Áfíríkà ló sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó bá wá rò pé láti Áfíríkà nìkan ni àwọn ará ibẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, kò jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èdè wọn. Vato ni wọ́n ń pe òkúta. Batu ni àwọn ará Malaysia ń pè é. Ojú ọ̀run ń jẹ́ lanitra níbẹ̀, ó ń jẹ́ langit ní Malaysia. Èdè tó bá tiwọn tan jù lọ wà ní erékùṣù Borneo, ní òdìkejì Òkun Íńdíà, ọ̀nà tó ju 6,000 kìlómítà lọ! Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ ló gbé e wá, ọkọ̀ onígi ni wọ́n sì wà. Tó bá wá kan màlúù, omby ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ yìí jọ ng'ombe tí àwọn Swahili ń sọ, nítorí àwọn èèyàn Áfíríkà náà wá sí erékùṣù yìí. Ìrẹsì láti Éṣíà, màlúù oníké láti Áfíríkà: méjèèjì ni wọn ò lè fi ṣeré títí dòní.

Madagásíkà fẹ̀ tó nǹkan bí 587,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ó tóbi ju ilẹ̀ Faransé tó wá gbà á lọ. Òkè gbọọrọ kan là á láàárín láti àríwá dé gúúsù. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń da òjò rẹ̀ sí ìlà-oòrùn òkè náà, nítorí náà igbó kìjikìji ló wà níbẹ̀. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀gún àti igi oṣè ló kù. Nínú ẹ̀yà igi oṣè mẹ́jọ tó wà láyé, mẹ́fà ò sí níbòmíì. Ẹranko tí wọ́n ń pè ní lemur, tó bá ọ̀bọ tan, ju ọgọ́rùn-ún ẹ̀yà lọ níbẹ̀. Ilẹ̀ wọn pupa. Níbi tí wọ́n bá ti gé igbó, òjò a gbá a lọ sínú odò Betsiboka, omi a pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọba Andrianampoinimerina (ẹ mí díẹ̀ kí ẹ tó pè é) kó ìlú àwọn ẹ̀yà Merina jọ sábẹ́ ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Radama Kìíní, gba àwọn míṣọ́nnárì láàyè láti dá ilé ìwé sílẹ̀. Faransé gba olú ìlú, Antananarivo, ní 1895, wọ́n sì lé Ọbabìnrin Ranavalona Kẹta kúrò nílùú ní 1897. Algiers ló kú sí ní 1917. Nígbà tí àwọn èèyàn dìde ogun sí Faransé ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló bá a lọ. Òmìnira dé ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, 1960.

Fànílà tí wọ́n ń gbìn ní Madagásíkà náà, àlejò ni. Mẹ́síkò ló ti wá, kòkòrò tó ń mú un so ò sì bá a wá. Ní 1841, ní erékùṣù Réunion tó wà nítòsí, Edmond Albius, ọmọ ẹrú ọlọ́dún méjìlá, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti àtàǹpàkò pa akọ òdòdó náà pọ̀ mọ́ abo. Ọgbọ́n ọwọ́ yẹn ni àwọn àgbẹ̀ Madagásíkà ṣì ń lò. Òdòdó náà kì í là ju ọjọ́ kan lọ. Tó bá ti tó àsìkò rẹ̀, kùtùkùtù ni wọ́n ti ń wọ oko, tí wọ́n ń fọwọ́ kan òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan.