Ẹ̀kọ́: Ìtọ́jú Ìtura fún Àwọn Tí Àrùn Ẹ̀dọ̀fóró Ń Ṣe

Nígbà tí oníṣègùn bá wí fún ẹbí kan pé òun yóò kọ ìwé rán aláìsàn wọn sí àwọn olùtọ́jú ìtura, ẹkún ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e: wọ́n rò pé oníṣègùn ti jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ikú. Èrò yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n bá wa yẹ̀ wò, nítorí ó ń fi ìyà tí kò yẹ jẹ ènìyàn púpọ̀.

Àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan wà tí kò ṣeé wò sàn. Ti ẹlòmíràn, ọ̀nà èémí ni ó ń fún díẹ̀díẹ̀ nítorí èéfín tábà tàbí èéfín igi ìdáná. Ti ẹlòmíràn, ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ni ó ń di àpá. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ a máa lọ, a sì máa bọ̀: lónìí aláìsàn kò lè dìde, lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ ó ti ń rìn yí ilé ká. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀ títí ọjọ́ fi lọ.

Ní ọdún 2010, àwọn oníṣègùn ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ròyìn ènìyàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti ràn kálẹ̀ lára wọn. Gbogbo wọn ni a ń tọ́jú, ṣùgbọ́n a fi ìtọ́jú ìtura kún ti apá kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn tí a kò fi kún tiwọn, ìdajì ti kú kí oṣù 9 tó pé. Nínú àwọn yòókù, ó ju oṣù 11 lọ. A kò lè fi èyí búra fún gbogbo àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n a rí i pé ìtura kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀.

Kí ni wọ́n ń ṣe fún aláìsàn? Wọn a kọ́ ọ láti súnnu kí ó sì máa tú èémí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fẹ́ iná. Wọn a ní kí ó fi apá ti tábìlì, kí a sì máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lójú. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín: atẹ́gùn ojú a máa dín ìmí hẹlẹhẹlẹ kù nítòótọ́. Bí èyí kò bá tó, oníṣègùn lè wọn mọ́fíìnì díẹ̀ fún un. Wọn a sì bi í léèrè ohun tí ń bà á lẹ́rù, àti ibi tí ó fẹ́ wà bí agbára bá tán.

Ẹ̀ka iṣẹ́ yìí wà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ní aláìsàn nílé lè bi dókítà rẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ǹjẹ́ a lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìtura nísisìyí, láìdá oògùn rẹ̀ dúró?" Kí ó béèrè nígbà tí aláìsàn ṣì lè fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.